Béèrè Lọ́wọ́ Màmá Nọ́ọ̀sì: «Ṣé Kí Á Ta Ilẹ̀ Nítorí Bátìrì Inú Ọpọlọ?»

Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Aberdeen ní Scotland ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Iṣẹ́ epo ló gbé mi dé ibí ní 2006, ibí náà ni mo ti pàdé ọkọ mi. Ọmọ ìlú yìí ni, òyìnbó ni, ọmọ ọdún 46. Bàbá rẹ̀ ti kú, ọmọ ọdún 58 ni nígbà tó kú. Àwọn ẹbí sọ pé ọtí àti orí tó dàrú ló pa á. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan, ó ń bínú lórí ohun tí kò tó ohun tí èèyàn ń bínú sí, ó sì jókòó sílé láìfẹ́ rí ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ni ara rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ìka á máa ta bíi ẹni tó ń tẹ dùùrù, èjìká á fò sókè, ẹsẹ̀ á ta lójijì. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní àrùn Huntington ni, pé nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 44. Ọmọ méjì la bí, ọ̀kan jẹ́ ọdún 15, èkejì jẹ́ 11.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ọkùnrin kan ni, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé kò lè mu tíì. Wọ́n tẹ bọ́tìnì kan báyìí, ọwọ́ náà rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Wọ́n ní wáyà ni wọ́n fi sínú ọpọlọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti bá ilé ìwòsàn kan lókè òkun sọ̀rọ̀, wọ́n ní àwọn á ṣe é fún ọkọ mi bí owó bá ti wà. Ó ti fẹ́ ta pílọ́ọ̀tì méjì tí bàbá wa fi sílẹ̀. Dókítà tiwa níbí ní ká ṣe sùúrù. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Màmá mi ní tiwọn ní kí n gbé e wá sílé, pé ọwọ́ ayé wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?
Ìyàwó Aberdeen

Ìyàwó Aberdeen, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn ló mọ bí òru ṣe ń gùn tó. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fi bírò fa ìlà sí abẹ́ gbólóhùn kan níbẹ̀. Màá padà sí i.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó kánjú: ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín lónìí, kí wọ́n dá ilẹ̀ náà dúró ná. Fídíò yẹn lè má jẹ́ irọ́ o. Òótọ́ ni irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ wà, ojú mi ló ṣe. Àmọ́ ọwọ́ tó ń gbọ̀n títí tí kò lè gbé tíì, àrùn Parkinson tàbí àrùn ọwọ́ gbígbọ̀n lásán ló máa ń fa ìyẹn. Ohun tó ń ṣe ọkọ yín yàtọ̀ sí i, bí ojú bá tilẹ̀ fẹ́ rí wọn bí ọ̀kan.

Mo fi ọdún mọ́kànlá ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àrùn ọpọlọ ní England kí n tó fẹ̀yìn tì. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tó ní Parkinson, tí wọ́n ti fi wáyà sí lórí. Lọ́jọ́ kan ó jókòó, kọ́ọ̀pù tíì wà níwájú rẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ń tún ẹ̀rọ náà tò mú nǹkan kan tó dà bíi fóònù dání. Ó pa iná náà díẹ̀ kó lè wò ó. Ọwọ́ ọ̀tún bàbá yìí bẹ̀rẹ̀ sí í lu etí tábìlì, kọ̀-kọ̀-kọ̀, bíi ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì tún iná tàn. Kò pẹ́, ọwọ́ dákẹ́. Bàbá gbé kọ́ọ̀pù, ó tọ́ ọ wò, ó ní tíì ti tutù, ká lọ bu òmíràn wá. Èmi tí mo ti ń fún èèyàn lábẹ́rẹ́ láti Ìbàdàn, mo sá wọ yàrá tí a ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí, mo lọ nu ojú mi. Nítorí náà, mi ò lè bá ẹ̀gbọ́n yín wí pé orí wọn gbóná.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ní Huntington ní wọ́ọ̀dù wa, oògùn ni wọ́n ń lò. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ní wáyà lórí. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín nípa wáyà àti Huntington, inú ìwé àwọn dókítà ni mo ti kà á, mo sì fi ohun tí mo rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọ̀n ọ́n.

Ọ̀rọ̀ màmá yín ni màá fi bẹ̀rẹ̀, torí bí ọ̀rọ̀ ilé ò bá yanjú, tòde ò ní yanjú. Ẹ má bá wọn jà. Ẹ bi wọ́n pé ṣé wọ́n mọ AS àti SS. Kò sí ìyá Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n lóde òní. Ẹ wá sọ pé bákan náà ni èyí ṣe ń ti inú ẹ̀jẹ̀ wá, àmọ́ ti SS, ó dìgbà tí bàbá àti ìyá bá jọ gbé e wá. Ti Huntington, ẹnì kan ṣoṣo tó gbé e wá ti tó. Bàbá ọkọ yín ló gbé e fún un. Ọtí tí wọ́n sọ pé ó pa bàbá náà, bóyá àárẹ̀ yìí ló sọ ọ́ di ọ̀mùtí lójú aráàlú: ẹni tí ara rẹ̀ ń ta gbọ́ngbọ́n-ọ́n, tí ahọ́n rẹ̀ wúwo, ta ni kò ní sọ pé ó ti mu àmupara? Agbègbè tí ẹ wà yẹn, àríwá ìlà-oòrùn Scotland, wà lára ibi tí wọ́n ti rí àrùn náà púpọ̀ jù lágbàáyé. Bí ayé bá ló ṣe é, ayé ti Aberdeen ni, kò débi Ìjẹ̀bú.

Ọmọ ọdún 22 ni George Huntington nígbà tó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1872. Long Island ní Amẹ́ríkà ló ti rí àwọn ìdílé tí ó ń ṣe. Bàbá rẹ̀ jẹ́ dókítà níbẹ̀, bàbá bàbá rẹ̀ náà sì jẹ́ dókítà níbẹ̀. Ẹ ò rí i, ìran dókítà mẹ́ta ló ń wo àwọn ìdílé kan náà. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọmọ kékeré yẹn lè sọ pé láti ọwọ́ òbí ni ó ń wá, àti pé ọmọ tó bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ọmọ tirẹ̀ ti bọ́ nìyẹn. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí wọ́n tó rí ibi tó fara pamọ́ sí. Àwọn ará abúlé kan létí adágún Maracaibo ní Venezuela, tí àrùn náà pọ̀ láàárín wọn gan-an, ni wọ́n fún àwọn onímọ̀ lẹ́jẹ̀. Nancy Wexler, tí ìyá tirẹ̀ náà kú nípa àrùn yìí, wà lára àwọn tó ń lọ bá wọn lọ́dọọdún. Ní 1983 wọ́n mọ̀ pé orí kúrómósóòmù kẹrin ló wà, ní 1993 wọ́n rí jíìnì náà fúnra rẹ̀.

Nọ́ńbà 44 tí wọ́n sọ fún yín, mo mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò jókòó ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Ẹ fi wé akólòlò. Nínú jíìnì yẹn, lẹ́tà mẹ́ta kan wà, CAG, tí gbogbo èèyàn ń pè ní àpètúnpè. Bí a bá pè é tó ìgbà 26 tàbí kó dín sí i, kò sí wàhálà. Láti 36 sí 39, àrùn náà lè yọjú, ó sì lè má yọjú. Tó bá ti di 40 sókè, yóò yọjú bí ẹ̀mí bá ṣì wà. Ọkọ yín pè é ní ìgbà 44. Àkólòlò yìí ló ń ba àwọn sẹ́ẹ̀lì kan jẹ́ nísàlẹ̀ ọpọlọ, díẹ̀díẹ̀, fún ọdún 15 sí 20 lẹ́yìn tí àmì bá ti hàn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó dà bíi bíréèkì ló kọ́kọ́ ń kú. Bí bíréèkì bá ti ń já, ara á máa lọ níbi tí olówó rẹ̀ kò rán an. Ìyẹn ni àwọn dókítà ń pè ní kòríà, láti inú ọ̀rọ̀ àwọn ará Gíríìsì fún ijó.

Ó wá kan wáyà. Wọ́n á de férémù irin mọ́ orí aláìsàn kí orí má baà yẹ̀, wọ́n á ya àwòrán ọpọlọ, kọ̀ǹpútà á bá wọn ṣírò ọ̀nà. Wọ́n á dá agbárí lu lọ́tùn-ún àti lósì. Wáyà tí wọ́n ń tì gba ibẹ̀ kò nípọn ju mìlímítà kan lé díẹ̀ lọ. Ti Huntington, apá inú ibì kan tí wọ́n ń pè ní globus pallidus ni wọ́n ń fojú sùn. Wáyà á gba abẹ́ awọ lẹ́yìn etí, á sọ̀ gba ọrùn, á dé àyà, níbi tí wọ́n tẹ́ bátìrì sí. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹ ó mọ̀ ọ́n lábẹ́ awọ bíi páálí ìṣáná. Bátìrì yìí á wá máa ta iná kékeré sókè tọ̀sán-tòru.

Grenoble ní ilẹ̀ Faransé ni Alim Louis Benabid àti Pierre Pollak ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1987. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún ọwọ́ gbígbọ̀n ní 1997, ó fọwọ́ sí i fún Parkinson ní 2002. Huntington kò sí lára àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ àwọn dókítà kan ti dán an wò. Àwọn ti Toronto ní Kánádà gbé ìròyìn ti ọkùnrin ọmọ ọdún 43 kan jáde ní 2004. Ijó ara rẹ̀ dín kù. Nígbà tí wọ́n ta iná náà ní ìgbà 130 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ijó dín kù, àmọ́ ara rẹ̀ tún fà sí i. Nígbà tí wọ́n dín in sí 40, ijó ṣì dín kù, ara kò sì fà tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ti Montpellier ní ilẹ̀ Faransé ròyìn èèyàn méje ní 2014: ijó dín kù, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Àwọn ti Düsseldorf ní Jámánì ròyìn èèyàn mẹ́fà ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ẹ bá mi kà á: ẹyọ kan, méje, mẹ́fà. Ẹni tó ń ta ata lọ́jà ń rí oníbàárà tó bẹ́ẹ̀ kí oòrùn tó yọ.

Nígbà tó yá, àwọn ará Düsseldorf yẹn náà kó èèyàn púpọ̀ sí i jọ láti ilé ìwòsàn oríṣiríṣi. Wọ́n fi wáyà sí gbogbo wọn lórí, àmọ́ fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, wọ́n tan ti àwọn kan, wọ́n pa ti àwọn tó kù, aláìsàn kò sì mọ èyí tí òun wà nínú rẹ̀. Mo fẹ́ràn irú ìyẹn. Torí ẹni tó ti ta ilẹ̀ méjì kó tó débi iṣẹ́ abẹ, kò sí bí kò ṣe ní sọ pé ara òun ti yá.

Kí ni wáyà yìí ò wá lè ṣe? Ibi tí mo fa ìlà sí nínú lẹ́tà yín nìyí. Ẹ kọ ọ́ fúnra yín pé ó kọ́kọ́ ń gbàgbé, ó ń bínú, ó jókòó sílé, «lẹ́yìn náà ni ara rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í jó». Ijó ló kẹ́yìn dé. Wáyà kò sì kan ìyókù rárá. Kò dá ìrántí padà, kò pa ìbínú, kò tú ahọ́n, kò ran gbígbé oúnjẹ mì lọ́wọ́, ìrìn náà á ṣì máa bàjẹ́ lọ bí àrùn bá ti ń tẹ̀síwájú. Sẹ́ẹ̀lì tó ń kú ṣì ń kú. Ohun mìíràn tí ilé ìwòsàn tó fẹ́ gba owó yín lè má sọ ni pé ijó náà fúnra rẹ̀ kì í dúró títí. Lára ọ̀pọ̀ wọn, bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, ijó á máa rẹlẹ̀, líle ara á sì gba ipò rẹ̀.

Mo tún ní ìbéèrè kan: ta ni ijó yẹn ń dà láàmú? Obìnrin kan wà ní wọ́ọ̀dù wa tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń ta aṣọ ìbora sílẹ̀, mo lè ká a ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá lóru kan. Mo jókòó tì í, mo bi í pé kí ló ń yọ ọ́ lẹ́nu jù. Mo rò pé á ní ẹsẹ̀. Ó ní ọkọ òun ò jẹ́ kí òun dáná mọ́. Mo ní, ẹsẹ̀ ńkọ́? Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń ta, ó wò mí, ó ní, «Ẹsẹ̀ mi ṣe?» Kò purọ́. Àrùn náà máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ni kì í mọ̀ pé ara àwọn ń jó. Àwa tí à ń wò ni ojú ń tì, ọkàn tiwa ló ń já. Ẹ bi ọkọ yín, lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ bá balẹ̀, kí ẹ gbọ́ ohun tó máa sọ. Bó bá sọ pé ijó ni, pé òun ń ṣubú nítorí rẹ̀, òun ò lè jókòó lórí àga, òun ò rí oorun sùn, ọ̀rọ̀ wáyà lè di ohun tí a lè gbé sórí tábìlì. Bó bá dárúkọ nǹkan mìíràn, ẹ tọ́jú ìyẹn.

Àwọn tí dókítà ń yàn fún un náà kì í ṣe gbogbo èèyàn. Ẹni tí ijó rẹ̀ le gan-an, tí oògùn ti kùnà tàbí tí oògùn ń ṣe ní jàm̀bá, tí làákàyè rẹ̀ ṣì pé láti mọ ohun tó ń bọ́ sí, tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kò sì mú un lọ́wọ́ yẹn. Ẹ kò kọ oògùn kankan sínú lẹ́tà yín. Ṣé ó ń lo tetrabenazine? Ṣé wọ́n ti gbìyànjú olanzapine tàbí risperidone? Tetrabenazine ń mú ijó rọlẹ̀, àmọ́ ó lè sọ ọkàn èèyàn sínú òkùnkùn, nítorí náà ẹ máa ṣọ́ ọ. Olanzapine ní tirẹ̀ máa ń jẹ́ kí wọ́n jẹun, kí wọ́n sùn, kí ìbínú sì dín kù, nǹkan mẹ́ta tí ilé yín nílò. Ìbínú àti ìjókòó-sílé yẹn ní oògùn tó ń bá wọn jà. Bó bá sì sọ̀rọ̀ lọ́nà tó jọ pé ayé ti sú u, ẹ má fi ṣeré, ẹ má sì dá gbé e: ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Ó wọ́pọ̀ nínú àrùn yìí ju bí àwọn ẹbí ṣe ń sọ ọ́ síta lọ.

Ẹ̀gbọ́n yín á ní, ká ṣáà gbìyànjú. Ẹ bi wọ́n pé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ta ni yóò máa tún iná náà tò? Ó lè gba oṣù mélòó kan kí wọ́n tó rí ibi tó bá a lára mu, ó pọ̀ jù, ara le. Ó kéré jù, ijó padà. Àwọn tó gbowó wà lókè òkun, ẹ̀yin wà ní Aberdeen. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, ẹnì kan tàbí méjì lè ṣẹ̀jẹ̀ sínú ọpọlọ lórí tábìlì; ojú egbò lè kó kòkòrò, kí wọ́n tún wáyà náà yọ. Bátìrì tí kò ṣeé cháàjì á kú láàárín ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Pílọ́ọ̀tì méjì á lọ sórí ti àkọ́kọ́. Kí lẹ ó tà fún èkejì?

Èmi ò ní kẹ́ ẹ ká apá gbera o. Ẹ ní kí dókítà yín kọ̀wé fún yín lọ sí kíníìkì Huntington, Aberdeen ní irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ bi wọ́n tààrà bóyá ìwádìí lórí wáyà ń gba èèyàn. Bí ó bá wà, iṣẹ́ abẹ tí ẹni tó ń ṣèwádìí bá ṣe, ẹ kò ní ta ilẹ̀ fún un, wọ́n á sì máa tọ̀ yín lẹ́yìn.

Oúnjẹ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbájú mọ́ lónìí, torí ibẹ̀ ni ọwọ́ yín ti tó ohun tí ọwọ́ dókítà ò tó. Ara tó ń jó tọ̀sán-tòru ń jó oúnjẹ náà mọ́ ọn. Àwọn kan nínú wọn ń fẹ́ tó 4,000 sí 5,000 kálórì lóòjọ́ kí wọ́n má baà rù, ìyẹn jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tí ẹ̀yin ń jẹ. Ẹ ti ní ànfààní níbi yìí, ọmọ Ìjẹ̀bú! Ògì tó ki dáadáa, tí ẹ po wàrà àti ẹ̀pà lílọ̀ mọ́, á gba ọ̀fun kọjá wẹ́rẹ́. Mọ́ínmọ́ín rírọ̀, tí ẹ kò fi egungun ẹja sí. Ẹ̀wà tí ẹ sè rọ̀ títí, tí ẹ bu epo lé. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí mẹ́fà lójúmọ́, díẹ̀díẹ̀. Omi lásán ni kí ẹ ṣọ́ jù, ó sáré jù fún ọ̀fun tí kò gbọ́ràn mọ́, á wọ ọ̀nà èémí. Bó bá ti ń wúkọ́ lẹ́yìn omi, ẹ ní kí wọ́n rán onímọ̀ ọ̀rọ̀ sísọ àti oúnjẹ mímì sí yín. Wọ́n ní ìyẹ̀fun tí a ń pò mọ́ omi kó lè ki. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n bó bá ń jẹun, ẹ má bi í ní ìbéèrè pẹ̀lú òkèlè lẹ́nu. Àga tó wúwo, kọ́ọ̀pù tó ní ọmọrí. Ọkùnrin kan ní wọ́ọ̀dù wa sanra padà ní kìlógíráàmù mẹ́rin láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kan orí rẹ̀.

Àwọn ọmọ yín: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìdajì àǹfààní láti bọ́, ìdajì láti má bọ́, ohun tó sì bá ọ̀kan kò sọ ohun tó máa bá èkejì. Wọn kì í yẹ ọmọdé tí ara rẹ̀ dá wò. Tó bá ti pé 18, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ bóyá òun fẹ́ mọ̀, ọ̀pọ̀ ló sì ní àwọn ò fẹ́. Àmọ́ ẹni ọdún 15 tó ń gbé inú ilé yẹn ti rí nǹkan. Ẹ sọ orúkọ àrùn náà fún un kó tó lọ tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù ní òru.

*

Màmá Nọ́ọ̀sì, Houston ni mo wà. Ìyàwó mi jẹ́ aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, ìdílé wọn ti wà ní Louisiana tipẹ́. Ara ìyá rẹ̀ ń jó, ó sì ń ṣarán. Gbogbo àmì jẹ́ ti Huntington, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n ní kò sí níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn dókítà ní àrùn òyìnbó ni, pé kí a má ronú ẹ̀ mọ́.
Bàbá Ìbejì

Bàbá Ìbejì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi awọ ara lé yín kúrò nílé ìwòsàn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí há orí kẹ́ ẹ sì pè é bó ṣe wà: Huntington disease-like 2, HDL2. Ní 2001 ni wọ́n mọ̀ ọ́n. Ìrísí rẹ̀ àti Huntington jọra débi pé lójú lásán ẹ kò lè yà wọ́n, àmọ́ jíìnì mìíràn ló wà, JPH3, lórí kúrómósóòmù kẹrìndínlógún. Fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹni tí wọ́n ti rí i lára rẹ̀ ló ní ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n ti rí i ní South Africa, ní Brazil, àti láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Àyẹ̀wò Huntington kò lè rí i torí ibòmíràn ló ń wò. Ẹ ní kí wọ́n yẹ JPH3 wò. Bákan náà ló ṣe ń ti ọwọ́ òbí kan ṣoṣo wá, nítorí náà kí ìyàwó yín rí ẹni tó ń ṣàlàyé àyẹ̀wò ìran kó tó fi ọwọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ fún abẹ́rẹ́.

*

Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, bàbá wa ń bọ̀ láti London wá ṣe Kérésìmesì ní Abẹ́òkúta. Wọ́n ní Parkinson, wáyà wà lórí wọn, bátìrì tó ṣeé cháàjì ló wà láyà wọn. Ṣé ẹ̀rọ pápákọ̀ òfuurufú ò ní ba nǹkan náà jẹ́? Iná wa sì mọ bí ó ṣe ń ṣe.
Ọmọ wọn obìnrin

Ilé ìwòsàn fún wọn ní káàdì, kí wọ́n mú un dání, kí wọ́n fi han àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀, kí wọ́n sì ní kí wọ́n fọwọ́ yẹ ara àwọn wò. Kí ẹnikẹ́ni má gbé ọ̀pá tí wọ́n fi ń wá irin dúró sórí àyà wọn.

Ti iná, ẹ̀yin lẹ mọ àdúgbò yín. Ẹ yá ínfátà tàbí kí ẹ fi jẹnẹrétọ̀ pamọ́ fún un. Kí bàbá máa cháàjì nígbàkigbà tí iná bá dé, kí wọ́n má dúró dìgbà tí ó bá fẹ́ tán. Bí bátìrì bá kú pátápátá, ọwọ́ á padà sí gbígbọ̀n, ara á sì le.

Bí ẹ̀yìn bá ń dùn wọ́n lẹ́yìn ìrìn-àjò tí ẹnì kan sì ní kí wọ́n lọ fi ẹ̀rọ ooru tí wọ́n ń pè ní diathermy pa á, kí wọ́n kọ̀ ọ́ pátá. Ooru yẹn lè gba inú wáyà lọ jó ọpọlọ. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá wọn.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń cháàjì àti rìmóòtù rẹ̀, inú báàgì ọwọ́ ni kí wọ́n kó o sí. Kí wọ́n má kó o sínú àpótí tó máa wọ abẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, torí mo mọ obìnrin kan tó dé Lagos, tí àpótí tirẹ̀ sì dé Accra.